Àwòṣe Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò

Ọ̀nà méjì ni ọmọ ènìyàn ń gbà sọ igi di ohun tí yóò gbé e kọjá omi: ó lè gbẹ́ ẹ, ó sì lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹni tí ó ń gbẹ́ ọkọ̀ a máa mú kúrò lára igi títí tí ohun tí ó ṣẹ́kù yóò fi di ọkọ̀. Ẹni tí ó ń lẹ̀ ẹ́ a máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí tí ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ yóò fi wà. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni àwọn Ìlàjẹ àti àwọn apẹja etí ọ̀sà wa mọ̀ láti ayébáyé, àwọn tí wọ́n ń gbẹ́ inú igi ńlá kan di ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn Haida, tí ilẹ̀ wọn wà ní àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn Kánádà, mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Igi kédárì pupa tí ó ń hù ní etí òkun Pàsífíìkì ni wọ́n ń lò. Ní ọdún 1986, Bill Reid, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére wọn, darí àwọn tí wọ́n gbẹ́ ọkọ̀ kan tí gígùn rẹ̀ tó 50 ẹsẹ̀ bàtà láti ara igi kédárì kan ṣoṣo, fún ìpàtẹ àgbáyé tí ó wáyé ní ìlú Vancouver.

Ọ̀nà kejì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Igi kédárì pupa kan náà ni, ṣùgbọ́n a ti fi ayùn là á sí pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Nínípọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì lọ, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íńṣì. Bí ènìyàn bá di ìdí ọ̀kan mú, tí ó sì nà án síwájú, ńṣe ni orí rẹ̀ yóò tẹ̀ wọlẹ̀, tí yóò máa mì lègbelègbe bí ewé oko tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ọmọdé lè ṣẹ́ ẹ lórí orúnkún. Síbẹ̀, bí a bá lẹ̀ ọgọ́ta tàbí àádọ́rin irú rẹ̀ pọ̀ bí ó ti yẹ, wọn yóò gbé ènìyàn méjì àti ẹrù wọn la adágún kọjá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a gbá jọ láìsí ohun tí ó tò ó, ìdààmú ni. Ohun tí ó ń to àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí ni a ń pè ní àwòṣe níhìn-ín, lórí rẹ̀ sì ni gbogbo ìtàn yìí dúró.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti àná. Ní agbègbè ìlú Peterborough, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, níbi tí odò Otonabee ti ń ṣàn, àwọn Anishinaabe tí wọ́n ni ilẹ̀ náà ti ń ṣe ọkọ̀ kí àwọn òyìnbó tó dé. Èèpo igi birch ni wọ́n ń lò. Wọ́n ń fi gbòǹgbò igi spruce rán an, wọ́n sì ń fi oje igi dí ojú ibi tí wọ́n rán. Nígbà tí ó di ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn akanlẹ̀kọ̀ òyìnbó ní agbègbè náà wo bí ọkọ̀ eléèpo yìí ti rí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pákó ṣe irú rẹ̀ lórí àwòṣe igi. Ọkọ̀ Peterborough di ìlú mọ̀ọ́ká. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú náà ṣiṣẹ́ títí di ọdún 1961 kí ó tó kógbá sílé. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1970, àwọn tí wọ́n ń fi ọkọ̀ sá eré ìje ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá fi aṣọ tí a fi òwú dígí hun bo pákó tẹ́ẹ́rẹ́, tí a sì fi oje òyìnbó rin ín, ọkọ̀ náà yóò fúyẹ́, yóò sì lágbára láìní egungun púpọ̀ nínú. Ní ọdún 1983, Ted Moores tẹ ìwé CanoeCraft jáde lórí iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni ẹni tí kì í ṣe káfíńtà ti lè kan ọkọ̀ nínú gáréèjì ilé rẹ̀. Peterborough kò sì gbàgbé orísun rẹ̀: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ Kánádà wà níbẹ̀, ó sì ṣí ilé rẹ̀ tuntun létí omi ní ọdún 2024.

Létí odò Otonabee yìí ni bàbá kan ń gbé. Olùkọ́ ìṣirò ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti kọ́ ọmọ tí ó kọ́ òbí rẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn bọ̀wọ̀ fún un nítorí pé kì í ṣi ìṣirò. Ó ní ọmọ-ọmọ kan, ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ìdánwò ìṣirò ti gbé ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ọmọ náà, tí í ṣe ọmọ bíbí inú bàbá yìí, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun kọ́ ọ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ìgbà òtútù. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kìíní, wọ́n jókòó ti ìwé fún wákàtí méjì. Ọmọ náà ń wo fèrèsé, bàbá náà ń wo ọmọ, ìṣirò sì ń wo àwọn méjèèjì. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá pa ìwé dé. Ó ní kí wọ́n lọ kan ọkọ̀. Kò sọ fún ọmọ náà pé ìṣirò ni ó wà nínú ọkọ̀ láti imú dé ìdí.

Ohun tí a kọ́kọ́ ń ṣe nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọkọ̀. Bí a bá ro ọkọ̀ náà bí iṣu gbọọrọ kan tí a gé ní ìbú ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ojú ibi tí ọ̀bẹ gé kọjá ni àwòṣe. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ kàn gùn tó 16 ẹsẹ̀ bàtà, nítorí náà àwòṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n gé láti ara pákó alábala tí àwọn káfíńtà ń pè ní páláíwúùdù. Èyí tí ó wà láàárín ni ó fẹ̀ jù. Àwọn yòókù ń kéré sí i títí dé imú àti ìdí. A ó tò wọ́n ní ìdojúdé sórí àpótí gbọọrọ kan tí ó tọ́ bí ọfà, a ó sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun wọn wọ́n, kí àárín gbogbo wọn lè bọ́ sí ojú ìlà kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni a ó fi téèpù tí ń yọ̀ bo etí wọn, kí gọ́ọ̀mù má baà dì wọ́n mú, nítorí pé àwòṣe kò gbọdọ̀ bá ọkọ̀ lọ sínú omi.

Bàbá náà dá to àwọn àwòṣe yìí ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, kí iṣẹ́ lè ti wà nílẹ̀ kí ọmọ náà tó dé. Bí ọmọ náà ti wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí okùn tí a ká sórí tábìlì. Ó béèrè bóyá kí òun fi wọ̀n wọ́n wò.

Bàbá dáhùn pé, “Má ṣe ìyọnu. Mo ti wọ̀n wọ́n.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to pákó. Etí kan pákó kọ̀ọ̀kan rí roboto bí ẹ̀yìn ìka. Etí kejì jin bí ojú àgbàrá, kí èkíní lè jókòó sínú èkejì. A ó ta gọ́ọ̀mù sínú ibi tí ó jin náà, a ó gbé pákó tuntun lé e, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòṣe, a ó sì fi ìṣó ẹlẹ́sẹ̀ méjì, irú èyí tí a fi ń so ìwé pọ̀, dè é mọ́ ibẹ̀ títí tí gọ́ọ̀mù yóò fi gbẹ. Ọmọ náà ń ṣe apá òsì, bàbá ń ṣe apá ọ̀tún. Pákó kan ní òsì, pákó kan ní ọ̀tún, kí ọkọ̀ má baà yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òórùn kédárì gba gbogbo gáréèjì. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nídìí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè. Ó fẹ́ mọ ìdí tí pákó tí ó tọ́ fi lè tẹ̀ lọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àti bí a ṣe lè mọ iye tí yóò kárí ikùn ọkọ̀. Inú bàbá dùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó hàn.

Àwọn àgbà ní igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá. Akanlẹ̀kọ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé òwe yìí. Ní ìgbà tí a bá to ìlà mélòó kan, a ó lọ sí imú ọkọ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó di ojú kan, a ó sì fi ojú kejì tẹ̀ lé ìlà náà dé ìdí. Ojú a máa rí ohun tí ìwọ̀n kò rí. Nígbà tí wọ́n to ìlà kẹjọ tán, bàbá lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú, ó sì rí i pé apá òsì wú síta díẹ̀ nítòsí àárín, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ó fi obì sẹ́nu.

Apá òsì ni. Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, “Ìwàǹwára rẹ náà ni. O kò tẹ igi mọ́ àwòṣe kí o tó dè é. Mo ti sọ fún ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.”

Ọmọ náà wo ibi tí ó wú. Ó ní òun tẹ̀ ẹ́. Bàbá ní bí ó bá tẹ̀ ẹ́, kò ní wú. Ọmọ náà rọra gbé ìbọn ìṣó sílẹ̀ lórí tábìlì, ó nu gọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì sọ pé, “Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà nìyẹn.” Ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó lọ. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, kò wá. Ní èyí tí ó tún tẹ̀ lé e, kò wá.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bàbá wọ gáréèjì láti lọ fi ìfági fá ibi tí ó wú náà dànù. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ lé e láti mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Orí àwòṣe keje ni ó ga sí jù. Bóyá nítorí pé ó fẹ́ fi èyí tí ó dára wé èyí tí kò dára ni ó ṣe rìn yí ọkọ̀ ká lọ sí apá ọ̀tún, apá tirẹ̀, tí ó sì fi ọwọ́ kan náà tẹ̀ lé e. Níbi àwòṣe keje, ọwọ́ rẹ̀ rì sínú. Ó mú iná sún mọ́ ọn. Àlàfo wà láàárín pákó àti àwòṣe níbẹ̀, tí owó-ẹyọ lè gba kọjá. Ìṣó tí òun fúnra rẹ̀ kàn ti fà kúrò díẹ̀. Ó wú ní òsì, ó rì ní ọ̀tún, ní ojú ibì kan náà. Olùkọ́ ìṣirò kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún un. Ó mú okùn tí a ká sórí tábìlì, ó fà á láti imú dé ìdí. Àwòṣe mẹ́rìnlá bọ́ sí ojú ìlà. Èkeje yà sí òsì ní ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bàbá náà jókòó sórí àpótí, ó wo ẹ̀yìn. Ohun tí ó rí kì í ṣe ọkọ̀ nìkan. Ó rí òkítì ìwé ìdánwò tí ó ti fi bírò pupa sààmì sí láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó rí ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń kọ sí etí wọn: “Àìfarabalẹ̀”. Ó rántí pé àwọn ọdún kan wà tí ìdajì kíláàsì ṣi ìbéèrè kan náà lọ́nà kan náà. Ó fi bírò pupa kan náà sààmì sí gbogbo wọn, kò sì fà okùn kankan láti mọ̀ bóyá ibì kan náà ni gbogbo wọn ti gbé e. Pákó kì í purọ́. Bí àwòṣe bá ti rí ni òun náà ń rí. Bí ó bá wú, ó yẹ kí a béèrè ohun tí a gbé e lé. Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni ó jẹ́ ti olùkọ́. Pákó mìíràn wà tí ó ní kókó nínú, tí kò sí àwòṣe tí ó lè tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwòṣe ni a kọ́kọ́ ń wò, nítorí pé pákó kan tí kò dára ń ba ìlà kan jẹ́, àwòṣe kan tí ó yà ń ba gbogbo ìlà jẹ́.

Ó lè tún un ṣe ní alẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ìṣó díẹ̀ ni yóò yọ, yóò tú bóòtù méjì, yóò fi òòlù gbá àwòṣe náà sí àyè rẹ̀. Bí ọmọ náà bá padà wá, yóò rí i pé ó ti dán, yóò sì rò pé bàbá àgbà ni ó tún àṣìṣe òun ṣe. Bàbá náà jókòó ti èrò yìí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó pa iná, ó fi okùn sílẹ̀ bí ó ti wà, ó sì lọ sí ilé ọmọ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kò ṣàlàyé. Ó kàn ní, “Wá bá mi wo nǹkan kan.”

Ọmọ náà dúró níwájú ọkọ̀. Ó wo okùn, ó di ojú kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Àwòṣe keje ni, Bàbá àgbà. Ó yà sí òsì.”

“Ta ni ó tò ó?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Èmi ni. Ìwọ ni mo sì dá lẹ́bi. O fẹ́ wọ̀n ọ́n, n kò jẹ́ kí o wọ̀n ọ́n. Má bínú.”

Ọmọ náà kò dáhùn. Ó mú rúlà, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọn ibi tí àwòṣe fi yà sí okùn. “Ìdá kan nínú mẹ́rin,” ni ó wí. Ó sì na ọwọ́ fún ohun tí a fi ń tú bóòtù.

Wọ́n yọ ìṣó orí àwòṣe keje àti ti àwọn tí ó yí i ká, wọ́n tú u, wọ́n gbá a wọ ojú ìlà. Àwọn pákó náà rọ̀, wọ́n tẹ̀ lé e, bí ẹni pé ohun tí wọ́n ti ń retí nìyẹn. Wọ́n tún fi ìṣó dè wọ́n. Láti ọjọ́ náà, okùn kò kúrò lójú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì sì lè dá iṣẹ́ dúró láti wọ̀n.

Ìyókù iṣẹ́ náà gùn, ṣùgbọ́n kò ṣòro sọ. Wọ́n pa ikùn ọkọ̀ dé, wọ́n yọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìṣó, wọ́n fi ìfági àti sáńpépà dán an títí tí ọwọ́ kò fi mọ ibi tí pákó kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ́ aṣọ òwú dígí lé e, funfun báláú bí aṣọ òkú. Oje tí a ń pè ní epoxy ni wọ́n dà sórí rẹ̀. Ìwọ̀n márùn-ún sí ọ̀kan ni a ń po irú èyí tí wọ́n rà. Bí ìwọ̀n bá ṣì, kò ní gbẹ dáadáa láéláé. Bí ó bá sì pẹ́ jù nínú ike, yóò gbóná, yóò sì le mọ́ ibẹ̀. Ọmọ náà ni ó ń po ó. Kò ṣi ẹyọ kan. Bí oje náà ti ń rin aṣọ, funfun rẹ̀ ń pòórá, aṣọ náà ń mọ́ gaara bí omi, pupa àti àwọ̀ oyin igi kédárì sì ń yọ láti ìsàlẹ̀. Ohun gbogbo hàn lábẹ́ rẹ̀, dáradára àti àìdára. Ojú ihò ìṣó hàn ní ìlà ìlà yí ọkọ̀ ká. Ní ibi àwòṣe keje, ihò náà jẹ́ oníméjì-méjì.

Ọjọ́ tí a óò yọ ọkọ̀ kúrò lórí àwòṣe ni ẹ̀rù máa ń ba akanlẹ̀kọ̀ jù. Títí di ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá ọkọ̀ ni ó dúró tàbí àwòṣe ni ó gbé e dúró. Bàbá di imú mú, ọmọ di ìdí mú, wọ́n gbé e sókè. Ó fúyẹ́ débi pé àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń rọ̀ díẹ̀, nítorí pé a kò tíì fi aṣọ dígí bo inú rẹ̀, a kò sì tíì fi igi ash de etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ kò yẹ̀. Àwòṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dúró nílẹ̀ ní ìhòòhò, ọkọ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n parí inú rẹ̀, tí wọ́n sì fi fáníìṣì bò ó kí oòrùn má baà ba oje náà jẹ́, yìnyín ti yọ́ lójú odò. Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sí etí Otonabee. Ìjókòó méjì ni ó wà nínú rẹ̀, àjẹ̀ méjì ni wọ́n sì mú dání. Ọmọ náà béèrè bóyá òun lè kọ́kọ́ dá wà á lọ. Bàbá wo omi, ó wo ọmọ, ó sì fi àjẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ lórí koríko. Ó dúró sí etí odò títí tí ọkọ̀ náà fi gba àárín omi lọ ní títọ́, láìyà sí òsì, láìyà sí ọ̀tún.

Ìdánwò ìṣirò kò tíì dé ní ọjọ́ náà. Kò sì sí ẹni tí ó mọ bí yóò ti rí.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé àwọn àwòṣe kọ́ sí ara ògiri gáréèjì, nítorí pé wọ́n ṣì lè fi kan ọkọ̀ mìíràn. Nígbà tí ó kan èkeje, ọmọ náà dá dúró. Ó mú pẹ́ńsù, ó fi rúlà fa ìlà sí àárín rẹ̀ gan-an láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà kí ó tó fi kọ́. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀ láti kà á. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni pé: “Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.”